Bibíńkà Tó Wọ Inú Kíríìkì Lọ

Ìrẹsì kóńgò mẹ́ta ni mo bà jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, nítorí ìyá mi ṣì ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà Pessu títí di òní, ẹ̀rín kì í sì í jẹ́ kó sọ ọ́ parí.

Ó ti lé lọ́dún kan nígbà náà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ni mo kọ́ ní yunifásítì. Mo ti kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ní Warri àti Effurun, kò sì sí èyí tó dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá kan géètì ilé wa, àyà mi á já, mo á rò pé lẹ́tà ti dé. Bí mo bá rí i pé ẹni tó wá ra ṣúgà ni, àyà mi á tún já lọ́nà mìíràn. Mo ń ṣàlàyé èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ìtìjú ń ṣe mí níwájú ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni kò bá mi wí rí. Ó tiẹ̀ sàn kó bá mi wí.

Ìyá mi náà ló rí iṣẹ́ yìí fún mi. Ìjẹ̀bú ni wá, ṣùgbọ́n Edjeba ní Warri ni wọ́n bí mi sí. Fúláwà, ṣúgà àti mílíìkì ni ìyá mi ń tà. Oníbàárà rẹ̀ kan wà tí gbogbo ọjà ń pè ní Mama China, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Filipíìnì ni, tó sì ti ṣàlàyé títí ó fi sú u. Nena ni orúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà ni Ramón ọkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù fún àwọn tó ń wa epo. Edjeba ni àwọn náà ń gbé, ẹ̀yìnkùlé wọn sì ni obìnrin yìí ti ń yan bibíńkà, àkàrà òyìnbó onírẹsì tí wọ́n ń jẹ nílùú wọn. Àwọn ará ìlú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi ló ń rà á, pàápàá bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé. Nígbà tó yá, àwọn ará Warri náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún ìyá mi pé òun ń wá ẹni tí yóò máa ran òun lọ́wọ́.

"Ọmọ mi wà nílé," ni ìyá mi wí. "Ó kàwé gan-an."

"Ṣé ó mọ iná dá?"

"Ó kàwé ju iná dídá lọ."

"Ìwé kọ́ ni mo bèèrè, Mama Bimpe."

Pidgin ni wọ́n fi sọ ọ́, torí Pidgin ni gbogbo wa ń sọ síra wa ní Warri, èmi ni mo ń dà á sí Yorùbá níbí. Pidgin Àǹtí Nena já gaara ju tèmi lọ, ó sì máa ń fi kọrin bó bá ń rẹ́ àgbọn.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ ìrẹsì sílẹ̀. Ó ní kí n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí n sì gbé e padà kí òun tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kò sọ ohunkóhun lé e. Bẹ́ẹ̀ èmi fẹ́ ṣe ju ohun tí wọ́n rán mi lọ, kó má ba à kábàámọ̀ pé ó gbà mí. Láti kékeré ni ìyá mi ti kọ́ mi pé ohun tí a bá rẹ, tí a sì lọ̀, sísẹ́ ló kàn. Mo wá aṣọ funfun kan, mo sẹ́ ìrẹsì náà bí ẹni ń sẹ́ ògì. Mo fún un gbẹ, mo da èèrí rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn adìẹ aládùúgbò, mo jẹ́ kí ìyókù tòrò, mo sì ro omi orí rẹ̀ dànù. Inú mi dùn sí ara mi. Mo tiẹ̀ fọ gbogbo abọ́ tí mo bá nílẹ̀.

Àǹtí Nena dé, ó ṣí ìkòkò, ó wo inú rẹ̀, ó wò mí.

"Ìyókù dà?"

"Èwo, mà?"

"Ìrẹsì. Kóńgò mẹ́ta ni mo gbé fún ọ."

"Mo ti sẹ́ ẹ, mà. Èèrí rẹ̀ ni mo dà fún adìẹ."

Ó rọra jókòó lórí àpótí. "Bimpe, ìrẹsì kò ní èèrí. Ara rẹ̀ lo kó fún adìẹ."

Mo rò pé ó máa lé mi lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dáná, ó sì yan èyí tó kù kí n lè fojú ara mi rí i. Kò wú rárá. Nígbà tó já a, ó fà bíi rọ́bà.

"Ẹni tó bá fẹ́ du ipò lè fi èyí lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri," ló wí. Ó gé e sí méjì, ó fún mi ní apá kan. "Jẹ ẹ́ tán. Ohun tó bá gba ẹnu wọlé, orí kì í tètè gbàgbé rẹ̀." Òun náà jókòó, ó jẹ tirẹ̀ tán, kò fajú ro. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà: kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú jíjẹ àṣìṣe mi. Ó jẹ ẹ́ kí n má ba à dá jẹ ẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe bibíńkà gan-an nìyí. A ó rẹ ìrẹsì mọ́jú, a ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ fi ìwé mi hàn. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn ohun alààyè kéékèèké kan ló ń jẹ ṣúgà inú ìrẹsì náà, àwọn ló ń mú kó wú.

"Àwọn ẹni kékeré tí a ò rí yẹn," ni Àǹtí Nena wí, "ṣé wọ́n lè bá wa ru èédú?"

Mo lọ ru èédú.

A ó po wàrà àgbọn, ẹyin, ṣúgà àti bọ́tà mọ́ ìrẹsì náà. A ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ra iná títí yóò fi rọ̀, tí yóò sì máa dán, a ó tẹ́ ẹ sínú àwo amọ̀, a ó bu ìrẹsì náà sí i. Iná ni iṣẹ́ tó kù, òun náà sì ni gbogbo iṣẹ́. A ó kó ẹ̀yinná sábẹ́ àwo, a ó fi páànù irin bò ó lórí, a ó tún kó ẹ̀yinná sórí páànù náà. Ti òkè gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ti ìsàlẹ̀. Àǹtí Nena kò ní aago kankan fún un. Yóò na àtẹ́lẹwọ́ sókè iná, yóò máa ka ení, èjì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sá kí ó tó ka ẹ̀rin, iná ti pọ̀ jù. Bó bá ka èje tí ọwọ́ kò sá, iná kò tíì tó. Bí ojú àkàrà bá ti ń dì, a ó ṣí i, a ó to ẹyin oníyọ̀ àti wàrà sí i lórí, a ó tún bò ó. Lẹ́yìn náà, imú ló kù tí a ó máa fi ṣiṣẹ́. Kété tí òórùn ewé bá ti jáde, a gbọ́dọ̀ wa iná ìsàlẹ̀ kúrò, kí ti òkè nìkan parí rẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí ó fi gbọ́ òórùn ṣúgà ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ wàrà yẹn, èmi ni mo mú un wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀. Nílùú wọn, wàrà funfun tí wọ́n ń fi mílíìkì ẹfọ̀n ṣe ni wọ́n ń tò sórí bibíńkà. Inú agolo ni Àǹtí Nena ti ń bu tirẹ̀ ní Warri, kò sì yéé ráhùn pé ó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Mo wá rántí Alhaja kan láti ìhà Ọ̀yọ́ tó ń ta wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ìyá mi.

"Ta ló fẹ́ fi wàrà yan àkàrà?" ni Alhaja bi mí.

"Ará Filipíìnì ni, mà."

"Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ ti kọ́ ẹ̀kọ́ débi tí ẹ fi ń padà sẹ́yìn. Mú u lọ. Kí ó má dín in kó tó tò ó sí i o, á le."

Àǹtí Nena gé wàrà náà jẹ. Ó yíjú sí ògiri, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ tutù fún omi, ó sì bi mí bóyá Alhaja náà máa ń wà lọ́jà lójoojúmọ́. Mi ò lè ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi tán. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wá iṣẹ́, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ohun tí mo mọ̀ wúlò fún ẹnì kan.

Ẹyin oníyọ̀ ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ Màmá Ebiere ló ti ń wá. Obìnrin Ijaw ni, ó sin pẹ́pẹ́yẹ sí abúlé wọn nínú kíríìkì, àwọn odò tóóró tó gba inú igbó lọ síhà òkun. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń wà wá sí Warri, á gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ àti amọ̀ etídò wá fún wa. A ó fi iyọ̀ àti eérú po amọ̀ náà, a ó fi bo ẹyin lára, a ó tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Nena, you dey bury egg like dead body," ni Màmá Ebiere máa ń sọ.

"Òkú tó bá dùn, ṣé a kì í hú u?" ni Àǹtí Nena máa ń dá a lóhùn.

Ramón nìkan ló kù tí n kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò lórí omi, á sì lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ìyá rẹ̀ ló ń ta bibíńkà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wà ní kékeré, nítorí náà kò sí ẹni tó lè tan án jẹ. Bí a bá gbé àkàrà fún un, kò ní wo ojú rẹ̀. Yóò dojú rẹ̀ dé, yóò fi èékánná kan ìdí rẹ̀ kọ́ kọ́, yóò wò ó.

"Òkè kàn ń ṣe ẹwà ni," ló sọ fún mi. "Ìdí ló ń sọ ẹni tó ṣe é."

"Ẹ wo ọlọ́pàá àkàrà," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Síbẹ̀ mo rí i pé kò kúrò nídìí rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi mi orí pé ó dára.

Ọdún yẹn ni ìlú gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ inú kíríìkì gbé ìbọn, wọ́n ní epo ti ń ti ilẹ̀ àwọn jáde tipẹ́, ohun tó kù fún àwọn kò ju omi dúdú lọ. Wọ́n ń fọ́ ọ̀pá epo, wọ́n ń jí àwọn àjèjì gbé nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ṣọ́jà dúró sójú títì, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ní ọ̀sán, bí ìbọn bá dún, àwọn èèyàn á dúró díẹ̀, wọ́n á fetí sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ ìhà ibi tó ti wá, wọ́n á sì máa ná ọjà wọn lọ. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìbọn bá dún báyìí, gbogbo ara mi á kú, n kò ní lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Mo fi í pamọ́ fún gbogbo èèyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ Ramón wá pẹ̀lú ṣọ́jà méjì. Àwọn tó gbé ìbọn ti dá ọkọ̀ náà dúró lórí omi, wọ́n ti kó ọkùnrin márùn-ún lọ, ará Filipíìnì ni gbogbo wọn. Ramón wà nínú wọn. Ọkùnrin náà ní wọ́n ń kó àwọn ìyàwó lọ sí Èkó lọ́jọ́ náà, kí Àǹtí Nena di ẹrù rẹ̀.

"Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lọ́la ńkọ́?" ni Àǹtí Nena bi í.

"A ó mú un wá bá yín ní Èkó, madam."

"Ó mọ ọ̀nà ilé yìí. Kò mọ ti Èkó."

Ọkùnrin náà rọ̀ ọ́ títí, kò gbà. Kí n má purọ́, èmi fẹ́ kó lọ. Mo sọ fún ara mi pé torí ààbò rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó lọ kí ẹ̀rù tèmi lè dín kù. Ó dúró, ojú sì tì mí láti fi í sílẹ̀.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tí a kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn gba ọjà kan pé ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà ti kú nínú igbó, pé àìsàn ló pa á. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Àǹtí Nena pe ilé iṣẹ́, wọ́n ní àwọn ń wádìí. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò lè gbé ife omi dé ẹnu kó má dànù. Kò yan nǹkan kan mọ́, a kàn ń jókòó.

Màmá Ebiere gbé ẹyin wá lọ́jọ́ tó máa ń gbé e wá, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tó gbọ́, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mi ò mọ ibi tí wọ́n wà," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ yẹn. Bí a bá gbé oúnjẹ, wọn kì í dá wa dúró."

"Ẹ bá mi mú lẹ́tà lọ fún un."

"Nena, rárá. Bí ṣọ́jà bá bá lẹ́tà lára mi, wọ́n á ní mò ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ náà. Bí àwọn ọmọ náà bá bá a lára mi, wọ́n á ní mò ń ṣiṣẹ́ fún ṣọ́jà. Oúnjẹ nìkan."

Àǹtí Nena wá wò mí.

"Bibíńkà," ló wí. "Bimpe, ìwọ lo máa yan án. Wo ọwọ́ mi."

Mo sọ pé n kò dá a yan rí. Ó ní òun mọ̀. Màmá Ebiere ní omi odò ti ń fà, òun kò lè dúró ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Mo ṣì ń lọ ìrẹsì díẹ̀ lójoojúmọ́, bóyá yóò yan; èyí tó wà nílẹ̀ kò lè ju ẹyọ kan péré lọ. Àǹtí Nena wọ inú yàrá lọ, ó ní òun kò lè jókòó wo iná, ọkàn òun kò gbà á.

Mo ra ewé níná. Mo tẹ́ ẹ. Mo ka ẹ̀yinná lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka oògùn. Mo na ọwọ́, mo kà dé ẹ̀fà, mo fún iná láyè, mo to ẹyin àti wàrà sí i. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Òórùn ewé jáde. Mo na ọwọ́ sí ọ̀pá tí a fi ń wa iná, ìgbà náà gan-an ni ìbọn dún, ó súnmọ́ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń dún tẹ̀lé ara wọn.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ohun tó jí mi ni òórùn ṣúgà.

Nígbà tí mo gbé e jáde, ojú rẹ̀ dára, ó pọ́n bí a ṣe ń fẹ́ ẹ. Mo gbé etí ewé sókè. Ìdí rẹ̀ ti dúdú. Màmá Ebiere ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà pé ṣé ó ti jinná. Mo rọ ewé náà padà, mo fi òmíràn wé e, mo dì í lókùn, mo gbé e fún un. N kò sọ fún un. N kò sọ fún Àǹtí Nena. Nígbà tó jáde wá bi mí bóyá ó dára, mo ní, "Ó dára, mà."

Ọjọ́ mẹ́rin la fi dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Mo ń rò ó pé bí Ramón bá wà láàyè, ohun kan ṣoṣo tó ti ilé lọ bá a jóná, ọwọ́ mi ló sì jó o. Bí kò bá sí láàyè, ìyàwó rẹ̀ ń retí lórí irọ́ mi. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ láràárọ̀. Láràárọ̀, bí mo bá rí ojú rẹ̀, mo á gbé ìgbálẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, Màmá Ebiere wọlé. Kò gbé ẹyin dání. Àǹtí Nena dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Wọ́n gbé e wọlé fún wọn," ni Màmá Ebiere wí. "Wọ́n ní ó jẹ ẹ́."

"Ta ló jẹ ẹ́? Márùn-ún ni wọ́n. Ṣé ẹ fojú yín rí i?"

"Wọn kò jẹ́ kí n dé ibẹ̀. Obìnrin tó gbé e wọlé ló rí i. Ó ní ọkùnrin kan ló gbà á, ó sì rán an níṣẹ́." Ó wo ilẹ̀. "Iṣẹ́ náà kò dára, Nena. Ìwọ̀sí ni. Mo rò ó bóyá kí n má tiẹ̀ jẹ́ ẹ."

"Ẹ jẹ́ ẹ, Mama Ebiere. Mo bẹ̀ yín."

"Ó ní ọkùnrin náà kò dúpẹ́. Ó ní ó dojú àkàrà dé, ó fi èékánná kàn án lábẹ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n sọ fún ọ pé iná ìsàlẹ̀ pọ̀ jù. Pé kì í ṣe ìwọ lo ṣe é. Ó ní ṣé ara rẹ kò yá, tí o fi jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ ṣe é?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí Nena, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: ìbọn, òórùn ṣúgà, irọ́ tí mo pa, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. N kò rò pé ó gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó fà mí dìde, ó dì mọ́ mi débi tí egungun mi fi dún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń sọ èdè wọn.

"Òun ni," ló sọ nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mama Ebiere, òun ni. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí yóò wà lẹ́nu ìbọn, tí yóò máa ráhùn ìdí àkàrà."

"So no be insult?" ni Màmá Ebiere wí.

"Ìwọ̀sí ni. Ó pẹ́ tó ti ń fi í lọ̀ mí bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló fọ ojú, ó ní kí n gbé àwo amọ̀ wá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló yan ìkejì, èmi kàn ń bá a ru èédú ni. Ó ní bí ọkùnrin náà bá kan ìdí rẹ̀, yóò mọ̀ pé ara òun ti yá. Láti ọjọ́ yẹn, bí Màmá Ebiere bá ń lọ, bibíńkà kan á wà nínú agbọ̀n rẹ̀. Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀, kò sì sí ṣọ́jà tàbí ọmọ kíríìkì tó lè kà á.

Mo ti ní àwo amọ̀ tèmi báyìí, mẹ́fà, ní ẹ̀yìnkùlé ìyá mi. Bí wọ́n bá béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo máa ń dá wọn lóhùn láìwolẹ̀. Ohun tó mú kí n lè ṣe bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí Ramón padà dé.

Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ pẹ̀lú méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kú nínú wọn. Àìsàn ni wọ́n rí lára ẹnì kan, ọjà sì sọ ọ́ di òkú. Ilé iṣẹ́ gbé e dé ẹnu géètì ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ọkọ̀ tí yóò gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí Èkó dúró síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ramón ti rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó wò mí.

"Ìwọ lo jó o?"

"Èmi ni, sà."

"A pín in sọ́nà márùn-ún. Kò sí ẹni tó jẹ́ kí ẹ̀rún rẹ̀ bọ́." Ó nawọ́ sí ìhà odò. "Méjì ṣì wà níbẹ̀."

Awakọ̀ wọlé, ó ní ó ti tó àkókò. Àǹtí Nena wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì yíjú sí awakọ̀ náà.

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn. A kò lọ lónìí."

"Madam, wọ́n ní—"

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ní. Méjì ṣì wà níbẹ̀."

Màmá Ebiere ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Ramón bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí àwọn méjèèjì ṣe ń jẹun. Àgbà inú wọn kò ní eyín púpọ̀ mọ́, kí n má jẹ́ kí etí tirẹ̀ gbẹ. Èkejì fẹ́ràn àgbọn, kò fẹ́ràn ẹyin oníyọ̀, wàrà nìkan ni kí n tò sí i. Mo bu ìrẹsì sínú àwo méjì, mo kó iná sábẹ́ wọn, mo kó iná sórí wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, bó ṣe máa ń bà mí. Ìbọn dún níbì kan lápá odò. Ọwọ́ mi dúró, mo mí, mo sì na án sí ọ̀pá, mo wa iná ìsàlẹ̀ jáde lásìkò tó yẹ.

Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè mọ̀ bóyá Àǹtí Nena rí mi. Kò rí mi. Ó ti po ọṣẹ sínú abọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó rọra gbé àgbọ̀n ọkọ rẹ̀ sókè, ó ń fá irùngbọ̀n fún un. Kò bojú wo iná mi lẹ́ẹ̀kan títí àkàrà méjèèjì fi jinná.